Ìdáhùn Ọmọ́lẹ́wà sí Ìbéèrè Kẹrìnlá

Ọjọ́bọ̀, 10/2/2000

Inú ń bí mi. Kí n kọ ìyẹn sílẹ̀ ná kí n tó kọ nǹkan mìíràn.

A ti Adó dé láago mẹ́rin. Ọmọ́lẹ́wà, ọmọ kíláàsì mi ní SS1, kọjú sí fèrèsé mọ́tò láti gáréèjì títí a fi wọ Ìkẹ́rẹ́. Ilé-ìwé méjìlá ló lọ síbi ìdíje sáyẹ́ǹsì ti ìpínlẹ̀, gbogbo wọn ti já, ó ku òun àti ọmọ Emùré kan, máàkì wọn sì dọ́gba. Ìbéèrè kẹrìnlá ló kù. Báwo ni àwọn sẹ́ẹ̀lì inú èèpo ọpọlọ ṣe ń ránṣẹ́ sí ara wọn? Ọmọ mi dìde, ó na ẹ̀yìn rẹ̀ gbọnrangandan, ó ní: "Ọ̀pọ̀ wọn ń da kẹ́míkà sí àlàfo tó wà láàárín wọn, èkejì á sì gbà á. Ṣùgbọ́n àwọn kan wà tí wọ́n fara kan ara wọn, ihò tóóró wà láàárín awọ wọn, iná ń gba ibẹ̀ kọjá tààrà."

Ọkùnrin tó mú káàdì lọ́wọ́ wo káàdì, ó wo ọmọ náà, ó ní, "Rárá o. Kò sí èyí tó fara kan ara wọn." Ó kọjú sí ọmọ Emùré. Ìyẹn kà á wéréwéré bí ẹni ń ka Sáàmù, wọ́n pàtẹ́wọ́, ó parí.

Mo dìde. Wọ́n ní tíṣà ò gbọdọ̀ sọ̀rọ̀. Mo sọ̀rọ̀. Wọ́n ní kí n jókòó. Mi ò jókòó. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ká àga.

Tó bá jẹ́ ife àti sáàtífíkéètì lásán ni, ǹ bá fi fún wọn kí wọ́n máa fi mu gàrí. Àyè ọ̀fẹ́ ni ẹ̀bùn náà, ní ilé-ìwé sáyẹ́ǹsì onílé gbígbé, láti táàmù kẹta yìí títí yóò fi ṣe WAEC: ìwé, oúnjẹ, ibùsùn. Bàbá rẹ̀ ti sọ ọ́ kí a tó lọ pé agbára òun ò ká a mọ́, pé bí kò bá rí àyè yẹn gbà, lẹ́yìn Àjíǹde, Òmùò ni, sọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n òun obìnrin, kí ó lọ kọ́ aṣọ rírán. Ọmọ tó ní orí báyìí!

Èmi ni mo sì kọ́ ọ ní ìdáhùn yẹn.

Ọjọ́ Ẹtì, 11/2/2000

Mi ò lè ṣe iṣẹ́ kankan lónìí. Mo tún mú fọ́tòkọ́pì ìwé ìwádìí tí Ayọ̀olúwa fi ránṣẹ́ jáde. Àbúrò mi ọkùnrin tó ń ṣiṣẹ́ ní yàrá ìwádìí lókè òkun ni, ó mọ̀ pé mo fẹ́ràn irú nǹkan báwọ̀nyí. Àwòrán rẹ̀ dúdú kirikiri, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ hàn kedere. Wọ́n ti fi abẹ́rẹ́ bíńtín gún sẹ́ẹ̀lì méjì lẹ́ẹ̀kan náà nínú èèpo ọpọlọ eku. Wọ́n fi iná sí ọ̀kan, èkejì gbọ́ ọ lójú ẹsẹ̀.

Báyìí ni mo ṣe ṣàlàyé rẹ̀ fún kíláàsì mi ní Jánúárì. Mo ní nínú agbo ilé wa lẹ́yìn Ọjà Ọba, bí ìyàwó kan bá fẹ́ gba iyọ̀, á jáde sí àgbàlá, á pe èkejì, ìyẹn á dáhùn, á wá iyọ̀, á gbé e jáde. Ṣùgbọ́n wọ́n ti dá ilẹ̀kùn kékeré sí ògiri tó wà láàárín yàrá ìyá mi àti ti àbúrò rẹ̀. Iyọ̀ á ti kọjá kí ẹni tó wà ní àgbàlá tó mọ̀ pé wọ́n tọrọ nǹkan. Àwọn sẹ́ẹ̀lì kékeré kan ló ń ṣe bẹ́ẹ̀ nínú ọpọlọ, àwọn tí iṣẹ́ wọn jẹ́ láti máa sọ fún àwọn yòókù pé "ó tó." Irú wọn nìkan ni wọ́n ń dá ilẹ̀kùn sí. Iná bọ́ sí ọ̀kan, ó ti dé ara èkejì, gbogbo wọn á sì jọ sọ "ó tó" lẹ́ẹ̀kan náà.

Mo wá sọ fún wọn bí mo ṣe máa ń sọ, "Ẹ kọ́ ọ sórí bí orúkọ bàbá yín." Ọmọ́lẹ́wà kọ́ ọ sórí. Ẹ wo ohun tó fi jẹ.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 12/2/2000

Bàbá Ọmọ́lẹ́wà wá ní àárọ̀ nígbà tí mo ń ṣa ẹ̀wà. Ládélé ò tíì pé àádọ́ta ọdún, ṣùgbọ́n láti ìgbà tí ìyàwó rẹ̀ ti kú ni ẹ̀yìn rẹ̀ ti tẹ̀. Ọmọ mẹ́rin ló wà lẹ́yìn Ọmọ́lẹ́wà. Ó gbé iṣu mẹ́ta kalẹ̀ sẹ́nu ọ̀nà.

"Tíṣà, ẹ kú uṣẹ́. Uṣu rè é."

Mo ní kí ó jókòó. Kò jókòó.

"Mo mọ uṣẹ́ yín lórí ọmọ yìí. Ṣùgbọ́n ẹ jọ̀ọ́, ṣé ohun tó wà nínú ùwé kọ́ lẹ kọ́ ọ ni?"

Mo ní, "Ohun tó wà nínú ìwé tuntun ni, Bàbá. Òun ló tọ̀nà."

"Ùwé tuntun yẹn, ṣé ó wà lọ́wọ́ àwọn tó ń bi í?"

Mo tún tẹjú mọ́ ẹ̀wà mi.

"A jẹ́ pé ẹ kọ́ ọ ní ohun tó ju orí ẹni tó ń bi í lọ." Kò fi ìbínú sọ ọ́. Ó ní ẹ̀gbọ́n òun ní Òmùò ti ra ẹ̀rọ ìránṣọ kejì sílẹ̀ dè é. Ó kí mi, ó lọ.

Mi ò rí ibi tí mo fẹ́ bínú sí i. Ìyẹn gan-an ló tún bí mi nínú.

Ọjọ́ Ajé, 14/2/2000

Mo kọ lẹ́tà ẹ̀hónú, ojú ewé mẹ́ta, mo fi ẹ̀dà fọ́tòkọ́pì mi mọ́ ọn. Mo gbé e lọ fún ọ̀gá wa, Ìyáàfin Grace Akínyẹmí. Ó kà á tán, ó bọ́ jígí rẹ̀.

"Fúnmiláyọ̀, o mọ̀ pé èyí gbọ́dọ̀ gba ọwọ́ mi kọjá, kí ó gba ọwọ́ Ìnspẹ́kítọ̀, kí ó gba ọ́fíìsì àgbègbè, kí ó tó dé Adó."

"Mo mọ̀, mà."

"O sì mọ̀ pé orúkọ rẹ wà lára àwọn tí wọ́n fẹ́ fi ṣe igbákejì ọ̀gá. Ní sùúrù."

Mo ní sùúrù ò rán ọmọ lọ sílé-ìwé. Ó ní òun ò gbọ́ ohun tí mo sọ, pé kí n jáde kí n tún padà wọlé.

Ọjọ́rú, 16/2/2000

Kò sí iná láti Sátidé. Ọyẹ́ ti lọ, ooru ló kù. Kóńgò gàrí ti gbówó lórí, ọgọ́ta náírà, wọ́n ní nítorí epo ọkọ̀ ni. Ohun gbogbo ní ìlú yìí, epo ọkọ̀ ló fà á.

Ọjọ́rú, 23/2/2000

Lẹ́tà mi ṣì wà lórí tábìlì ọ̀gá, lábẹ́ fúláàsì tíì. Mo rí òrùka omi tíì lórí ojú ewé kìíní.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 29/2/2000

Lẹ́tà ti kúrò lọ́dọ̀ ọ̀gá, ó ti dé ọ̀dọ̀ Ìnspẹ́kítọ̀. Mo lọ bẹ̀ ẹ́ wò. Ó ti lọ sí òkú kan ní Ìsẹ̀ láti Ọjọ́bọ̀. Lẹ́tà wà nínú dúrọ́ọ̀, kọ́kọ́rọ́ dúrọ́ọ̀ wà lápò rẹ̀. Akọ̀wé rẹ̀ ní kí n máa gbàdúrà. Mo ní kí òun náà máa gbàdúrà kí n má fi àáké wá.

Ọjọ́ mẹ́tàléláàádọ́ta ló kù kí ọ̀sẹ̀ Ìjìyà Olúwa tó parí. Mo ń kà á.

Ọjọ́bọ̀, 9/3/2000

Ó tó gẹ́ẹ́. Mo wọ mọ́tò, mo lọ sí Adó fúnra mi, láìgba ọwọ́ ẹnikẹ́ni kọjá. Àwọn sẹ́ẹ̀lì inú orí wa gbọ́n ju gbogbo ọ́fíìsì wọ̀nyí lọ.

Akọ̀wé ìgbìmọ̀ ìdíje ni Ọ̀gbẹ́ni Solomon, ọkùnrin onírungbọ̀n tó mọ́ tónítóní. Ó jẹ́ kí n dúró wákàtí méjì. Nígbà tó pè mí wọlé, ó fi ìka méjì mú fọ́tòkọ́pì mi bí ẹni mú eku tó ti kú.

"Madam, ìwé ìròyìn òyìnbó lèyí. Ìjọba ò fọwọ́ sí i."

"Òtítọ́ ni, sà. Ṣé ìjọba ló ń fọwọ́ sí ohun tó wà nínú orí èèyàn ni?"

Kò rẹ́rìn-ín. Ó ní ìwé ìbéèrè àti ìdáhùn tí ìgbìmọ̀ ń lò, ògbóǹtarìgì tíṣà kan ló kọ ọ́, ọmọ ìpínlẹ̀ wa fúnra rẹ̀. Ọdún mẹ́ta rèé tí wọ́n ti ń lò ó, kò sẹ́ni tó jà. "Tí ẹ bá mọ̀ jù ú lọ, ẹ lọ bá a jà."

Mo ní kí ó fi ìwé náà hàn mí. Ó ní ìwé àṣírí ni. Ó ní ìgbìmọ̀ ò ní í jókòó títí di 12/4. Kí n lọ sílé.

Ọjọ́ Ẹtì, 10/3/2000

Ta ni òpè tó kọ ìwé yẹn? Kí ó jáde kí n rí i! Ó jókòó síbì kan, ó mu ògì, ó fi bíró kọ "kò sí" sórí ohun tí kò mọ ìdí rẹ̀, àwọn ọmọ káàkiri ìpínlẹ̀ sì ń kọ́ ọ sórí. Ìwé kò gbọdọ̀ bọ́ sọ́wọ́ irú àwọn èèyàn bẹ́ẹ̀. Irú wọn ló ń ba orí ọmọlọ́mọ jẹ́, wọ́n á sì tún máa jẹ́ ọ̀gá. Aláìnítìjú ẹ̀dá. Ọlẹ. Ọlẹ gidi ni, torí ẹni tó bá ka ìwé dáadáa ò ní í kọ bẹ́ẹ̀.

Bándélé, ọkọ mi, yọjú sí ilé ìdáná. "Ìyá àwọn ọmọ, ta lò ń bá jà níbẹ̀?"

Mo ní mi ò tíì mọ̀ ọ́n. Ó ní kí n ṣọ́ra kí n má fi orógùn fọ́ ìkòkò dè é.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 14/3/2000

Òjò àkọ́rọ̀ rọ̀, ó ká páànù méjì lórí kíláàsì SS1. A jókòó sí ẹ̀gbẹ́ kan, mo sì tún bú ẹni tó kọ ìwé ìdíje yẹn níwájú gbogbo wọn.

Ọmọ́lẹ́wà dúró lẹ́yìn tí àwọn yòókù lọ. Mo rò pé iṣẹ́ àṣetiléwá ló fẹ́ fi hàn mí. Ó ní, "Mà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má wá ẹni tó kọ ìwé yẹn mọ́. Ẹ kàn bá wọn sọ ti ìdáhùn nìkan."

Mo jágbe mọ́ ọn. Mo ní ṣé òun náà ti fẹ́ máa bẹ̀rù èèyàn ni, ṣé ẹ̀rọ ìránṣọ ló wù ú. Ó kúnlẹ̀, ó ní "Ẹ má bínú, mà," ó gbé báàgì rẹ̀, ó lọ. Kò yẹ kí n jágbe mọ́ ọn. Ìbínú mi ti ń já lu ẹni tí kò yẹ.

Ọjọ́ Ajé, 20/3/2000

Mo ti rí i.

Bísọ́lá, tó jẹ́ ọmọ kíláàsì mi ní ọdún 91, ni atẹ̀wé ní ọ́fíìsì Solomon ní Adó. Mo mú un lọ jẹ ẹ̀wà lọ́sàn-án, mo bẹ̀ ẹ́, ó fi ìwé náà sábẹ́ àwọn fáìlì gbé e jáde fún mi. Ìwé tẹ́ẹ́rẹ́ ni, èyí tí wọ́n fi sítẹ́nsì tẹ̀, ẹ̀yìn rẹ̀ ti ya, kò sí orúkọ ẹni tó kọ ọ́ níwájú rẹ̀. Mo wá èèpo ọpọlọ. Ìbéèrè kejìlélọ́gọ́fà. "Kò sí sẹ́ẹ̀lì méjì nínú èèpo ọpọlọ tí ó fara kan ara wọn rárá." Mo ń rẹ́rìn-ín ẹ̀gàn bí mo ṣe ń kà á. Mo ṣí ojú ewé kìíní láti wá orúkọ. Ìlà kan ló wà níbẹ̀ lókè: "Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́, ẹ kọ́ ọ sórí bí orúkọ bàbá yín."

Háà. Háà, Olúwa mi.

Ọdún 97. Ìpínlẹ̀ ò tíì pé ọmọ ọdún kan. Wọ́n pe àwa tíṣà jọ sí Adó, wọ́n ní kí olúkúlùkù kọ ìbéèrè fún ẹ̀kọ́ tirẹ̀, pé ìpínlẹ̀ tuntun kò ní ohunkóhun, a óò bá ìjọba kọ́ ọ. Mo kọ igba ìbéèrè láàárín ọjọ́ mẹ́ta. Wọ́n gbà á, wọ́n fún mi ní lẹ́tà ìdúpẹ́ kan, mi ò sì rí ohunkóhun mọ́. Mo rò pé wọ́n ti fi di àkàrà.

Bísọ́lá béèrè pé ṣé ara mi le. Mo ní ó le. Ẹni tó da eérú ni eérú ń tọ̀. Èmi ni òpè náà. Èmi ni ọlẹ, èmi ni aláìnítìjú. Mo ti kọ gbogbo rẹ̀ sínú ìwé yìí, pẹ̀lú ọjọ́ àti oṣù.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 21/3/2000

Mo ránṣẹ́ sí ilé-ìwé pé ara mi ò yá. Irọ́ ni.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 25/3/2000

Mo gbé àpótí ìwé sọ̀kalẹ̀, mo wá ìwé tí mo lò nígbà yẹn. Mo fẹ́ mọ̀ bóyá ìwé ló tàn mí. Tó bá jẹ́ ìwé ló tàn mí, ara á tù mí díẹ̀.

Ìwé ò tàn mí. Ohun tó wà níbẹ̀ ni pé àlàfo ló wà láàárín ọ̀pọ̀ jù lọ nínú wọn. Ọ̀pọ̀ jù lọ! Mo ti fi lẹ́ẹ̀dì pupa fà á nídìí fúnra mi. Mo yọ "ọ̀pọ̀ jù lọ" kúrò nítorí pé àwọn ọmọ máa ń gbàgbé rẹ̀ nínú ìdánwò, mo fi "kò sí" àti "rárá" sí i kí ó lè rọrùn láti kọ́ sórí. Ohun tí mo ṣe nìyẹn. Kò sẹ́ni tó rán mi.

Mo sọ fún Bándélé. Ó ti ilẹ̀kùn, ó wá ní, "Ta ló tún mọ̀?"

"Èmi, ìwọ, Ọlọ́run."

"O ò ṣe jẹ́ kó mọ síbẹ̀? Bá wọn jà lórí ìdáhùn ọmọ. Dá ti ẹni tó kọ ọ́ sí."

Mo ní Solomon ti ní ẹni tó kọ ọ́ ni ẹlẹ́rìí òun. Bí ẹni náà ò bá fẹnu ara rẹ̀ sọ pé òun ṣì í kọ, Solomon ló máa jàre.

"Àti ipò igbákejì ọ̀gá ńkọ́?" Ọkọ mi mọ ohun tó wà nínú fọ́ọ̀mù ìgbéga mi. Igba ìbéèrè yẹn ni mo kọ sí iwájú nínú iṣẹ́ tí mo ti ṣe fún ìjọba, mo sì fi ẹ̀dà lẹ́tà ìdúpẹ́ mọ́ ọn.

Mo bínú sí i nítorí pé ohun tí èmi náà ń rò ló sọ.

Ọjọ́ Ẹtì, 31/3/2000

Mo kọjá níwájú kíláàsì SS1. Ọmọ́lẹ́wà ń ṣàlàyé ọkàn àti ẹ̀jẹ̀ fún àwọn méjì tí kò yé. Mi ò lè wọlé. Mi ò tíì sọ fún un.

Ọjọ́ Ẹtì, 7/4/2000

A ti ti ilé-ìwé. Ìyáàfin Akínyẹmí pè mí, ó ní lẹ́tà mi ti dé ọ́fíìsì àgbègbè. Láti oṣù kejì! Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Mo sọ fún un pé mò ń lọ síwájú ìgbìmọ̀ ní Ọjọ́rú, mo sì sọ ohun tí mo fẹ́ lọ sọ. Ó di orí rẹ̀ mú.

"Wọ́n á fagi lé orúkọ rẹ."

"Kí wọ́n fagi lé e, mà."

"Fúnmiláyọ̀, nítorí ọmọ kan ṣoṣo?"

Mo ní ọmọ kan ṣoṣo náà ni mo kọ́ ní irọ́ àti òtítọ́ papọ̀, tí wọ́n wá fi irọ́ mi lu òtítọ́ mi mọ́ ọn lórí. Mo jáde. Mi ò tún padà wọlé.

Ọjọ́rú, 12/4/2000

Mo ti dé. Ẹsẹ̀ mi wú. Kí n kọ ọ́ kí n tó jẹun.

Èèyàn mẹ́fà ló jókòó. Ọ̀gbẹ́ni Ọlọ́runtọ́ba, ọ̀gá ilé-ìwé tó ti fẹ̀yìn tì, ni alága, bàbá arúgbó tó ń mi orí sí gbogbo ọ̀rọ̀. Solomon dìde, ó ka ìbéèrè kejìlélọ́gọ́fà sókè. Ó ní ògbóǹtarìgì ló kọ ìwé yìí, ohun tó dá a lójú ló sì kọ. Ó wò mí. "Àbí Madam fẹ́ sọ pé òpè ni ẹni tó kọ ọ́?"

Mo ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, sà. Èmi ni mo kọ ọ́."

Mo mú lẹ́tà ìdúpẹ́ ọdún 97 jáde, mo tẹ́ ẹ síwájú wọn. Mo mú ìwé àtijọ́ náà jáde, mo fi ibi tí wọ́n ti kọ "ọ̀pọ̀ jù lọ" hàn wọ́n. Mo mú fọ́tòkọ́pì jáde. Mo sọ ti agbo ilé, ti iyọ̀, ti ilẹ̀kùn inú ògiri. Mo ní kì í ṣe pé ìmọ̀ yí padà nìkan, èmi fúnra mi ti ṣe é ju bí mo ṣe bá a lọ, kí ó lè dùn ún kọ́ sórí.

Alága mi orí títí. Ó ní, "Fúnmiláyọ̀ ti ọdún 97 sọ báyìí. Fúnmiláyọ̀ tòní sọ báyìí. Èwo ni kí a gbà nínú ẹ̀yin méjèèjì?"

Mo ní, "Ẹ fi àwa méjèèjì sílẹ̀, sà. Ẹ gba ti ọmọ náà."

Bàbá náà rẹ́rìn-ín. Solomon ní bí ọ̀rọ̀ bá rí bẹ́ẹ̀, kí n kọ ọ́ sílẹ̀ pé mo ṣi ìjọba lọ́nà, kí n fọwọ́ sí i, kí wọ́n fi sínú fáìlì mi. Ó rò pé mo máa sá. Mo gba bíró rẹ̀. Mo kọ ọ́, mo fọwọ́ sí i.

Wọ́n ní ọmọ Emùré ò ní í pàdánù àyè tirẹ̀. Mo ní mi ò bèèrè bẹ́ẹ̀, ọmọ èèyàn ni òun náà, ohun tí mo kọ ló kà. Wọ́n jọ sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́. Wọ́n ní wọ́n á fi àyè kejì sí i fún Ọmọ́lẹ́wà Ládélé, kí bàbá rẹ̀ fọwọ́ sí ìwé, kí ó wọlé ní ọjọ́ kejì oṣù karùn-ún. Solomon ní wọ́n á fi lẹ́tà ránṣẹ́, á gba ọ́fíìsì àgbègbè, á gba ọwọ́ Ìnspẹ́kítọ̀...

Mo jókòó sílẹ̀. Sórí sìmẹ́ńtì, lẹ́nu ọ̀nà ọ́fíìsì alága, pẹ̀lú aṣọ àǹkárá tuntun mi. Mo ní mi ò dìde títí tí lẹ́tà yẹn á fi bọ́ sí ọwọ́ mi. Agogo méjìlá ni mo jókòó. Àwọn èèyàn ń tẹ̀ mí kọjá. Agogo mẹ́rin kọjá ìṣẹ́jú mẹ́wàá ni Bísọ́lá gbé e jáde, alága ti fọwọ́ sí i. Bísọ́lá ní bàbá náà sọ pé kí obìnrin yẹn má kú sí òun lọ́rùn.

Ọjọ́bọ̀, 13/4/2000

Mo gbé lẹ́tà lọ sí ilé Ládélé kí oúnjẹ àárọ̀ tó jinná. Ọmọ́lẹ́wà ti lọ! Ọkọ̀ kan tó ń kó iṣu lọ sí Òmùò ní ọjọ́ Ajé ló gbé e. Mo pariwo. Mo ní ṣé kì í ṣe lẹ́yìn Àjíǹde ló sọ ni. Ó ní ọkọ̀ ò dúró de Àjíǹde, ọ̀fẹ́ ni wọ́n sì gbé e.

Ó gba lẹ́tà, ó yí i síwá sẹ́yìn, ó ní kí n kà á fún òun. Mo kà á. Ó ní kí n tún un kà. Ó fọwọ́ sí i, lẹ́tà kọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, L, A, D. Ó ní, "Ìyá rẹ̀ ni ì bá rí i." Ó wọ ilé lọ, kò sì tètè jáde.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 18/4/2000

Fọ́ọ̀mù ìgbéga mi ti padà dé. Èyí kò gba ọwọ́ ẹnikẹ́ni kọjá, ó yára kíákíá! Wọ́n fi ìlà pupa fagi lé ìlà kìíní. Wọ́n kọ "kò yẹ ní ọdún yìí" sí ìsàlẹ̀. Mo fi pamọ́ sábẹ́ ìrọ̀rí.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 22/4/2000

Mo lọ sí Òmùò. Táyà mọ́tò jò ní Aisegba, a dúró nínú oòrùn wákàtí kan ààbọ̀. Gbogbo ọ̀nà ni mo ń múra ohun tí mo máa sọ fún un.

Ṣọ́ọ̀bù ẹ̀gbọ́n Ládélé ò jìnnà sí ọjà. Ọmọ́lẹ́wà jókòó sídìí ẹ̀rọ kejì, ó ń rán apá aṣọ àwọn tó fẹ́ wọ̀ ọ́ lọ́la. Ìránṣọ rẹ̀ tọ́. Ó kúnlẹ̀ kí mi, mo fà á dìde, mo kó lẹ́tà lé e lọ́wọ́. Ó kà á. Ó fi bo ojú. Ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í jó ní àárín ṣọ́ọ̀bù, ó ń pe àwọn aládùúgbò.

Mo ní kí ó tẹ̀ lé mi síta. Mo ní, "Ọmọ́lẹ́wà, ìwé tí wọ́n fi já ọ, èmi ni mo kọ ọ́."

Ó ní, "Mo mọ̀, mà."

"Kí lo mọ̀?"

"Ó wà nílé wa, mà. Wọ́n ń tà á lábẹ́lẹ̀ ní Adó, ìyá mi rà á fún mi nígbà tí mo wọ JSS2. Gbólóhùn yín wà lójú ewé kìíní." Ó ń fa okùn tó wà létí aṣọ rẹ̀. "Mo ti kọ́ gbogbo rẹ̀ sórí kí n tó wọ kíláàsì yín."

Ọ̀rọ̀ ò kọ́kọ́ yé mi. Ó wá yé mi. "A jẹ́ pé o mọ ohun tó wà lórí káàdì yẹn? Kí o tó dìde?"

"Mo mọ̀ ọ́n, mà."

"O mọ̀ pé bí o bá sọ ọ́, wàá gba àyè. Kí ló dé tí o ò sọ ọ́?"

Ó wò mí bí ẹni pé èmi ni kò yé. "Ẹ̀yin lẹ ní Jánúárì pé kò rí bẹ́ẹ̀ mọ́, mà."

Ó mọ̀ ọ́n, ó sì ń wò mí tí mò ń bú ẹni tó kọ ìwé yẹn níwájú gbogbo kíláàsì. Kò sọ fún bàbá rẹ̀. Kò sọ fún ẹnikẹ́ni. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ló bẹ̀ mí pé kí n má wá a mọ́, mo sì jágbe mọ́ ọn.

Ó ní kí n dúró kí òun parí apá aṣọ tó kù, pé oníbàárà ń bọ̀ láago mẹ́ta. Mo dúró. A jọ wọ mọ́tò padà. Ó sun sí mi léjìká kí a tó kúrò ní Òmùò tán, ẹ̀kúnrẹ́rẹ́ oorun, lẹ́tà wà láyà rẹ̀. Mo wá ẹni tí mo máa bínú sí láti ibẹ̀ títí dé Ìkẹ́rẹ́, mi ò rí.